Ojúlé Kejì, Òpópónà B

Ní Ṣómólú, nílé ìtẹ̀wé tó kọjú sí gọ́tà,
wọ́n fún mi ní àga Bọ̀dá Láṣebìkan,
àti kọ̀mpútà rẹ̀ tí lẹ́tà A ti parẹ́ lójú bọ́tìnì,
àti fáìlì kan ṣoṣo tó pè ní ELÓ NI.

Gbogbo iṣẹ́ ló wà níbẹ̀:
káàdì ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìlérí olóṣèlú,
rìsíìtì ilé ìwòsàn kan ní Onípáànù.
O ó kọ iye ẹ̀dà, o ó tẹ Ẹ́ńtà,
owó á yọ jáde
bí ẹni tó ti ń dúró dè ọ́ láti àárọ̀.
Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bù ú jẹ
láìbèèrè bí wọ́n ṣe sè é.

Ọjọ́ tí rímù bébà fò lọ sí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá
ni fáìlì náà purọ́ fún mi.
Mo pe iye fún Pásítọ̀ Akíndójútìmí,
ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó lójú ẹsẹ̀.
L'Ékòó, bí ẹnì kan bá sanwó láìnájà,
yáa yẹ ara rẹ wò.

Mo ṣí inú fọ́múlà. Mo rí i.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé igba, iye bébà ayé ọjọ́un,
Bọ̀dá ti pò ó mọ́ ìṣirò
bí òkúta nínú ẹ̀wà tó ti jinná.
Irínwó ìlà, irínwó òkúta.
Ṣé eyín ni n ó fi ṣà á ni?

Mo bá ara mi sọ̀rọ̀:
ohun tí yóò yí, má kàn án mọ́ ògiri.
Kọ́lé fún un lókè fáìlì, níbi tójú ti tó o,
òpópónà B, ojúlé kejì,
kí o kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà: BÉBÀ.
Kí fọ́múlà gbogbo máa lọ bèèrè níbẹ̀
bí ọmọ tí a rán níṣẹ́, tí kì í dá èsì hun lọ́nà.
Kí iye wọlé lónìí, kí iye kó jáde lọ́la,
àdírẹ́sì ò yí.

Àmì dọ́là la fi ń kan àdírẹ́sì mọ́lẹ̀
kó má baà ṣí nípò bí a bá fà á sísàlẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín pa mí:
dọ́là tí kì í dúró lójú kan láti àárọ̀ dọ̀sán
ni wọ́n fi ṣe ìṣó!

Bébà, yíǹkì, dísù jẹnẹrétọ̀, mo kọ́lé fún wọn.
Mùínátù tó ń dì wá níwèé jókòó tì mí,
ó ń pe iye, mo ń tẹ̀ ẹ́.
Ó wá ku ìlà kan nísàlẹ̀ pátápátá,
OÚNJẸ Ọ̀SÁN:
búrẹ́dì àtẹ̀wà, lọ́nà méje.
Méje. Ó tún ti pò ó mọ́ ọn.

Mo ka orí nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo tún un kà.
Mùínátù ò wí nǹkan kan, ó ń wo ẹ̀rọ tó ń gé bébà.
Mẹ́fà ni wá.
Àṣé ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì kan fi ń ṣẹ́ kù lójoojúmọ́
tí Táófíìkì ń gbé e lọ sílé
tí ẹnikẹ́ni kì í bi í.

Mo kọ́lé fún un, òpópónà B, ojúlé karùn-ún.
Orúkọ: ÈÈYÀN.
Ilé ṣófo. Igi tín-ín-rín tó ń ṣẹ́jú níbẹ̀ ń dúró dè mí.
Fọ́múlà lè gún régé títí,
ẹnì kan ṣì ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ iye.

"Tẹ̀ ẹ́," Mùínátù wí.
Mo tẹ méje.
"Ẹ jẹ́ ó jẹ ẹ́ di ọjọ́ Jímọ̀," mo ní. "Ẹ jẹ́ ó di Jímọ̀."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, bébà ti di ẹgbẹ̀rún méjìlá.
Ojú kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ kàn.